Ẹnu Ló Ń Sọ Ọjọ́ Di Gígùn

Ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, àmọ́ ẹ sọ fún àgbẹ̀ kan ní Takon pé ọ̀pẹ irú tuntun tó bá gbìn lónìí yóò gbà tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so, ẹ ó rí i tí yóò mirí. Ọdún mẹ́ta! Àgbàdo kì í pé oṣù mẹ́rin tó fi ń dọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pẹ tí àwọn olùwádìí ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní Pobè láti 1922 yìí, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, á so ju ogún ọdún lọ.

Ẹ wá sọ ọ́ báyìí fún un: “Bàbá, ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI yìí, nígbà tó bá máa fi dé CE2, ọ̀pẹ yín á ti fẹ́ máa so.” Ojú rẹ̀ á yí padà. Ta ló ń pe CE2 ní ọ̀nà jíjìn? Ọmọ náà kò tíì ronú kan CEP nígbà yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, Neil Lewis àti Daphna Oyserman wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé ìfẹ̀yìntì ku 10,950 ọjọ́ pinnu láti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fowó pamọ́, ní ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn tó gbọ́ 30 ọdún lọ. Iye kan náà sì ni méjèèjì.

Kò yà mí lẹ́nu. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọrọọrún ni wọ́n wí, wọn ò wí ọdọọdún. Ẹni tó ń fi ọjà ọrún ka ọjọ́ rí nǹkan bí 91 ọjà nínú ọdún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń rán an létí. Nítorí náà, ẹ má gba “láìpẹ́” lọ́wọ́ ẹni tó jẹ yín lówó. Ọ̀túnla ni ẹ̀yin gbọ́. Ìkórè ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Ẹ ní kó dárúkọ ọjà tí yóò san án.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kéékèèké yìí náà ni ọlọ́jà fi ń múni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí wọ́n bá sọ fún ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ ṣe zémidjan pé 1,500 frank péré ni yóò máa san lórí alùpùpù lójúmọ́, fún ọdún kan àtààbọ̀, owó ẹ̀kọ àti àkàrà ló jọ létí rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 800,000 frank! Ọjọ́ òjò wà nínú rẹ̀, ọjọ́ àìsàn wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí táyà bẹ́ náà wà níbẹ̀. Èmi ò ní owó ojúmọ́ burú fún ẹni tó ń rówó lójoojúmọ́. Kéèyàn má mọ àpapọ̀ rẹ̀ ló burú.

Kí ẹni tó fẹ́ gba irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ tó tẹ̀ka, kó ní kí olówó kọ àpapọ̀ owó náà sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí sísan yóò parí. Bí olówó bá kọ̀, kó fi alùpùpù sílẹ̀ fún un.