Kí Ni Ká Jẹ, Kí Ni Ká Mu, Ká Tó Lọ Ṣe Síkáànì?

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn àgbà ilé wa. Tí dókítà bá ní kí ìyá àgbà lọ ṣe síkáànì, àwa ọmọ iléèwé ni wọ́n máa ń na ìwé náà sí pé, "Bá mi kà á." Láti Emure níbí, ẹlòmíì á wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ado, ẹlòmíì á kọjá lọ sí Ido. Tó bá ti jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ kó tó débẹ̀, ó lè di pé kó padà wá lọ́jọ́ mìíì. Owó ọkọ̀ ti wọgbó nìyẹn.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé òfin oúnjẹ kò rí bákan náà fún gbogbo síkáànì. Òmíràn fẹ́ kí inú ṣófo, òmíràn fẹ́ kí a mumi yó, òmíràn kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú oúnjẹ.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Síkáànì tí a mọ̀ jù, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún, ìró ló ń lò. Etí wa kò lè gbọ́ ìró náà. Ẹ̀rọ á rán an wọ inú ara, á kọlu ẹ̀yà ara, á padà wá bíi gbohùngbohùn, kọ̀ǹpútà á wá fi ya àwòrán. Omi máa ń jẹ́ kí ìró yìí kọjá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń dínà mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi jẹ́lì pa ikùn, kí afẹ́fẹ́ má baà wà láàrin ẹ̀rọ àti awọ ara.

1. Síkáànì òkè ikùn: má jẹun

Tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ tàbí àpò òróòro ni wọ́n fẹ́ wò, wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn má jẹun fún wákàtí 6 sí 8. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, oúnjẹ, mínírà àti ṣíngọ́ọ̀mù máa ń kó afẹ́fẹ́ sínú wa. Èkejì, tí a bá jẹ ohun ọlọ́ràá bí àkàrà tàbí ẹyin díndín, àpò òróòro á fún ara rẹ̀, á da òróòro sínú ìfun kí ọ̀rá lè dà. Àpò náà ti súnkì nìyẹn. Tí òkúta bá wà nínú rẹ̀, ó lè má hàn.

2. Síkáànì ìsàlẹ̀ ikùn: mumi

Tó bá jẹ́ ilé ọmọ, àpòòtọ̀ tàbí oyún tó ṣì kéré ni, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí àpòòtọ̀ kún. Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow, tí wọ́n kọ̀wé jáde lórí iṣẹ́ síkáànì ní 1958, ló rí i ní 1963 pé àpòòtọ̀ tó kún dà bíi fèrèsé tí a fi ń wo ilé ọmọ. Ó ń ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìró sì ń gba inú omi rẹ̀ kọjá. Píọ̀ wọ́tà méjì, tó jẹ́ nǹkan bíi lítà kan, ti tó. Kó mu ún tán ní wákàtí kan ṣáájú, kó má sì tọ̀. Ẹ má mu ún ní gáréèjì Emure o! Ẹ dé ilé ìwòsàn ná, torí ọ̀nà jìn.

3. X-ray, CT scan àti MRI

X-ray àyà tàbí ti egungun kò ní kí ẹnikẹ́ni febi pa ara rẹ̀. Ìtànṣán tí Wilhelm Röntgen rí ní Jámánì ní 1895 ló ń lò, oúnjẹ inú ikùn kò sì dí i lọ́wọ́. Fún CT scan, tí wọ́n bá máa gún èèyàn lábẹ́rẹ́ oògùn tó ń mú àwòrán hàn, ilé ìwòsàn mìíì máa ń ní kó má jẹun fún wákàtí díẹ̀, torí èébì. Ní ti MRI, irin ni wọ́n máa ń bi èèyàn léèrè jù, kì í ṣe oúnjẹ.

Ibi tí ewu wà

Ààwẹ̀ síkáànì kì í ṣe ààwẹ̀ àdúrà, ẹ má fi kún un. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀ láì jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀. Á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ó sì lè dákú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ fún dókítà ṣáájú, kó ní kí wọ́n fi tòun sí àárọ̀ kùtù, kó sì gbé oúnjẹ dání tí yóò jẹ ní kété tó bá ṣe tán. Ẹ má fi ọmọ ọwọ́ sínú ebi bí àgbà náà. Ẹ béèrè iye wákàtí tirẹ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá na ìwé síkáànì sí ọ, bá wọn béèrè ohun mẹ́ta yìí kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà: Apá ibo nínú ara ni wọ́n fẹ́ wò? Ṣé kí wọ́n má jẹun ni àbí kí wọ́n mumi, láti aago mélòó? Oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ńkọ́? Kọ ìdáhùn rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, kí o sì kà á fún wọn lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ bá máa mọ́ tí wọ́n á lọ.