ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Àbùkù tó ń tú aró ká

Ìlú aṣọ híhun àti aṣọ rírẹ ni Ògìdì, ìlú Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà aṣọ aláró. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń rẹ aṣọ, aró kẹ́míkà tó bá ṣàn wọ odò kì í tètè jẹrà. Títániọ́ọ̀mù dáyọ́ksáìdì, lẹ́búlẹ́bú tó ń mú ọ̀dà ilé funfun, lè tú u ká nínú oòrùn, àmọ́ ìtànṣán ultraviolet nìkan ló ń gbà, ìyẹn kò sì tó ìdá 10 nínú 100 oòrùn. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi háídírójìn da ojú kírísítálì rẹ̀ rú. Lẹ́búlẹ́bú funfun di dúdú, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Àbùkù mìíràn, ìyẹn àlàfo tí átọ́ọ̀mù ọ́síjìn fi sílẹ̀ nínú kírísítálì, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá pọ̀ jù nínú ikùn kírísítálì, ibẹ̀ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí oòrùn tú sílẹ̀, tó yẹ kó ṣiṣẹ́ títú aró ká, ń há sí, tí kò fi ní dé ọ̀dọ̀ aró rárá.