Ìdákọ̀ró Ọkàn

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa nípa ìgbàlà, ìdáhùn ni pé, “Bóyá Ọlọ́run yóò gbà wá là.” Ó fi ara jọ ìrẹ̀lẹ̀, lójú tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ ara wa ni a ń wò. Hébérù 6:19 pe ìrètí ní ìdákọ̀ró ọkàn. Inú ọkọ̀ kọ́ ni ìdákọ̀ró ti ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe nísàlẹ̀ omi, níbi tí ojú kò tó. Àwọn onígbàgbọ́ ìgbàanì ní Róòmù fín àwòrán rẹ̀ sí ibojì òkú wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó ti aláìsàn tí ẹ̀rù ikú ń bà, ẹ má ṣe wádìí bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tóbi tó. Ẹ sọ̀rọ̀ Jésù fún un, ẹni tí ó ti wọ inú ìkélé ṣáájú wa.