Ẹ Lọ Kọ́ Ọ Sí I

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣáájú àgbẹ̀ ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, ẹ mọ ọkọ́ lò, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n láyé tiwa, bí ilẹ̀ bá ṣá, a ó fi í sílẹ̀, a ó ṣí lọ síwájú. Ààyè yẹn kò sí mọ́. Ẹ̀kọ́ ló kù.

Ẹ wo Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhai sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran kì í ṣòfò lọ́dọ̀ wọn. Ó ń di gáàsì ìdáná, ó ń di ajílẹ̀ ẹ̀fọ́. Ìdin inú ìdọ̀tí pàápàá, oúnjẹ ẹja ni.

Bí ẹ bá lọ kọ́ ọ, ẹ má gbé e wálé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀dàn ni tiwa, ẹ̀ẹ̀rùn wa gùn. Ẹ gbin ẹ̀wà sáàárín ọkà bàbà, nítorí kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò ẹ̀wà ń fa oúnjẹ ilẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ dá emi àti irúgbá sí bí ẹ bá ń ṣán oko. Poroporo tí à ń tiná bọ̀ nígbà ọyẹ́ yẹn, ó ń dùn mí dọ́kàn: ajílẹ̀ là ń sun.

Ẹ má sì fi ọkùnrin nìkan ránṣẹ́ síbi ẹ̀kọ́. Obìnrin ló ń ṣa emi, obìnrin ló ń ṣe irú. Kí ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé ya ìdajì éékà sọ́tọ̀ láti fi dán ohun tó kọ́ wò, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa wá fojú ara wọn rí i.