Bí A Ṣe Ń Ṣí Pákó Ilẹ̀ Ọkọ̀ Fáíbà Àtijọ́, Tí A sì Ń Lẹ̀ Ẹ́ Padà

Ẹ̀yin ará wa láti Ayétòrò àti etíkun Ìlàjẹ tí ẹ wà lọ́dọ̀ wa ní Oda báyìí, bí ẹ bá fi ọkọ̀ fáíbà sílẹ̀ ní Ìgbókòdá, tí omi sì ti bò ó rí, ẹ má tíì kó ọmọ sínú rẹ̀.

Omi tó há sábẹ́ pákó ilẹ̀ ọkọ̀ kì í hàn síta. Kẹ́ẹ̀gì 20 lítà kan wọn 20 kìlógíráàmù. Bí omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá bá wà níbẹ̀, ẹ ti gbé ẹrù bí ènìyàn mẹ́ta kí ẹ tó gbéra. Èyí tó tún burú ni pé omi náà ń ṣàn: bí ìgbì bá tẹ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ á rọ́ lọ síbẹ̀, ọkọ̀ á sì dojú dé.

Ibi tó bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé bátìrì àti epo kúrò ná. Ẹ kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọfà tó kọjú sí iwájú ọkọ̀. Bí sukúrù bá ti dípẹtà, ẹ kán epo sí i kí ó sùn mọ́jú. Ẹ má fi àdá họ́ pákó sókè, fáíbà á sán. Ọ̀bẹ tín-ín-rín ni kí ẹ fi gé gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ yíká.

Ẹ gbọ́n omi, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú rẹ̀, torí iyọ̀ a máa fa ọ̀rinrin. Fóòmù tí omi ń jáde lára rẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi òmíràn dípò: òun ló ń mú ọkọ̀ léfòó bí ó bá kún.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. A mọ̀ pé ebi kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àmọ́ igi tí a lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin yóò jẹrà lábẹ́ gọ́ọ̀mù tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá funfun mọ́ ojú ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ìrì nínú rẹ̀ láàárọ̀, kò tíì gbẹ. Lásìkò òjò, ẹ ta tapólì sókè bò ó, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀.

Pákó tó ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi rẹ́síìnì kun etí pákó àti ojú ihò sukúrù, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọ inú igi. Ẹ fi sáńpépà ha fáíbà títí dídán rẹ̀ yóò fi kúrò. Oògùn tó ń mú rẹ́síìnì le lè fọ́ ojú: bí ó bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù. Kí iná àti ọmọdé jìnnà síbẹ̀.

Gọ́ọ̀mù polyurethane ti ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ lò. Sílíkóònì fèrèsé kò dára, torí ọ̀dà àti rẹ́síìnì kì í lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ti kàn. Ẹ má fún sukúrù le jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí gọ́ọ̀mù má baà sá jáde tán.

Pákó ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ lẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn yòókù bá ti gbẹ, ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó kan sórí wọn, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ibi tó ṣì wà ní ṣíṣí náà.