Ibi Tí Omi Ìdọ̀tí Ń Lọ
Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fọ kápẹ́ẹ̀tì ní Thamesmead West ní London, ẹ má da omi ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ yín sí gọ́tà ẹ̀bá títì. Orí àbàtà ni wọ́n kọ́ Thamesmead sí. Gọ́tà òjò ibẹ̀ ń ṣàn lọ sínú adágún tí pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ oníbàárà, kí ẹ dà á sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó lè dé Crossness, ibùdó omi ẹ̀gbin tí wọ́n ṣí ní 1865.

Ọṣẹ ńkọ́? Ẹ dín in kù! Àpọ̀jù rẹ̀ ń kù sínú kápẹ́ẹ̀tì, eruku á sì tètè lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á ní ẹ ò mọṣẹ́.

Bí oníbàárà bá ní kí ẹ bá òun kó ògbólógbòó kápẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akóìdọ̀tí lọ́dọ̀ Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká.