Ẹ Dín Àkókò Kù, Ẹ Má Dín Ẹrù Kù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn obìnrin ní eré ìdárayá, ìmọ̀ràn tí mo ní fún yín kò gùn: bí obìnrin tó wà láàárín ọdún 45 sí 60 bá wá sọ́dọ̀ yín, àkókò ni kí ẹ dín kù fún un, ẹ má dín ẹrù kù. Òdì kejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe. Ẹ ó kó wọn jọ láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó fi orin mú wọn fò fún wákàtí kan àbọ̀, òógùn á bò wọ́n, inú kálukú á dùn. Kó tó pẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò ní wá mọ́. Ẹ ó wá ní wọn kò ní ìfaradà. Ẹ wo ẹni tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Òun ló ń tọ́jú ìyá arúgbó, òun ló ń san owó ilé ìwé ọmọ, òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìpàdé ẹgbẹ́ àti òde ìnáwó sì ń dúró dè é ní Sátidé kan náà. Ìfaradà kọ́ ló wọ́n ọn, àyè ni. Ètò tí kò bá àyè rẹ̀ mu kò lè bá a dalẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dáwọ́ dúró. Bí èròjà estrogen ṣe ń lọ sílẹ̀ lára rẹ̀, egungun á máa fúyẹ́, ìfúyẹ́ náà sì máa ń yára jù láàárín ọdún díẹ̀ tó yí àsìkò yẹn ká. Iṣan ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ọ̀rá á sì máa kó sí ikùn. Ijó àti fífò dára fún ọkàn, wọ́n sì ń múnú dùn, ṣùgbọ́n ohun tí a ń gbé tó ń wúwo sí i ló ń mú iṣan le, òun náà ló sì ń sọ fún egungun pé iṣẹ́ ṣì wà. Iṣan àti egungun kò mọ aago. Agbára tí a bá béèrè lọ́wọ́ wọn ni wọ́n mọ̀.

Bí mo bá ní ìṣẹ́jú 15 péré ni kí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan á ní kò lè tó nǹkan. Irú èrò bẹ́ẹ̀ wà nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2010: eré tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kí a tó kà á. Nígbà tí àjọ náà tún ìmọ̀ràn yìí ṣe ní 2020, ó yọ gbèdéke náà kúrò. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 eré tó mọ níwọ̀n ló ṣì ń béèrè fún lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ já a wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wọ ìṣirò: ìrìn kánmọ́kánmọ́ lọ sí ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, gígun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀. Apá kejì ìmọ̀ràn náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò dá: ó kéré tán, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún eré tó ń fún iṣan lágbára.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù wá láti Yunifásítì Griffith ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní LIFTMOR, obìnrin 101 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí egungun wọn sì ti fúyẹ́, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń gbé irin tó wúwo gan-an lójú olùkọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn yòókù ń ṣe eré fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ìkì egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àwọn tó gbé ẹrù fi nǹkan bí 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ti àwọn tó ṣe eré fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ fi bí 1.2 dín kù. Wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ náà, bí ó ṣe le tó ló sì fi ìyàtọ̀ hàn.

Báwo ni ẹ ó ṣe ṣe é níbi tí kò sí irin? Ẹ fún un ní ohun mẹ́rin. Kí ó jókòó sórí àga, kí ó sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkan. Kí ó fọwọ́ ti ògiri, kí ó sì kúrò lára ògiri bọ́ sórí tábìlì bí apá rẹ̀ ṣe ń le. Kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi nílẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kẹ́ẹ̀gì méjì rìn lọ rìn bọ̀. Ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún wọn nǹkan bíi kílò 5. Bó bá gbé e lẹ́ẹ̀méjìlá tó ṣì ń bá yín tàkúrọ̀sọ geerege, ẹ gbé ti lítà 10 fún un, kí ẹ má kọ́kọ́ bu omi kún un tán. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, wọ́n á sì fi gbè sẹ́yìn ètò tí kò kúrò lójú kan. Ẹ tún òwe náà gbọ́: imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọlé ni, kò dúró.

Ẹlòmíràn á ní ìyá tó ń tajà láti àárọ̀ dalẹ́ ti ṣe eré tirẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ àti iṣẹ́ ilé wà lára ohun tí Àjọ Ìlera ń kà. Àmọ́ dídúró nídìí àtẹ kò fún apá àti ẹ̀yìn ní iṣẹ́ tuntun, alábàárù ló sì ń ru ọ̀pọ̀ ẹrù náà. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹrù wúwo á sọ wọ́n di bí ọkùnrin. Èròjà tó ń fún ọkùnrin ní iṣan ńláńlá kéré gan-an lára obìnrin. Ti pé ó léwu, àwọn obìnrin Griffith lo oṣù àkọ́kọ́ láti fi ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbé e, ìpalára kan ṣoṣo tí kò le ló sì ṣẹlẹ̀. Ìkánjú olùkọ́ ni ewu tó wà níbẹ̀. Ẹni tí àyà ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì gbọ́ oògùn, tàbí tí egungun rẹ̀ ti dá rí, ẹ jẹ́ kí ó rí dókítà ná.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ikùn. Púpọ̀ nínú wọn, ikùn ni wọ́n bá wá, ìṣẹ́jú 15 kò sì ní fà á wọlé bí wọ́n ṣe ń retí. Ẹ má ṣe ìlérí rẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀ pàápàá kì í mú un lọ bí oúnjẹ kò bá yí padà. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: orúnkún tó ń dìde láìbẹ ògiri ni ẹ ń tà, ẹ kò ta ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọn kò ní sọ fún yín. Lẹ́yìn ọmọ bíbí, ìtọ̀ máa ń ta sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ obìnrin bí wọ́n bá fò. Kò sí ẹni ọdún 50 tí yóò dúró láàárín èrò sọ ọ́ fún ọmọkùnrin ọlọ́gbọ̀n ọdún. Yóò kàn ṣíwọ́ wíwá ni. Ẹ jẹ́ kí fífò wà fún ẹni tó bá wù nìkan, ẹ kọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí a ṣe ń fún iṣan tó ń dá ìtọ̀ dúró pọ̀, kí ẹ má nàka sí ẹnì kan.

Lákòótán, ẹ ní ìwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ka iye ìgbà tó lè jókòó kó sì dìde láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tún un kà lóṣooṣù. Bó bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ nítorí òkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ má bá a wí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ṣùgbọ́n bó bá ń wá déédéé, tí iye náà kò sì yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ má wá ẹ̀bi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀: ẹ̀yin ni ẹ kò fi kún ẹrù.